Géèjì 24 kò nípọn ju géèjì 18 lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra àpótí irinṣẹ́ sí gáréèjì ilé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn tó ń kiri pé páànù géèjì 24 lẹ máa wá torí ó nípọn ju géèjì 18 lọ. Irọ́ ni. Géèjì ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí páànù irin ṣe nípọn tó. Bí nọ́ńbà géèjì bá ṣe ń ga sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. Irin géèjì 18 nípọn tó mìlímítà 1.2, ti géèjì 24 kò ju bíi 0.6 lọ, ìdajì rẹ̀ gééré. Ẹ bi wẹ́dà àdúgbò yín.

Mo ti ra àpótí tí páànù rẹ̀ fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìdí dúróà tí mo kó sípánà sí fi tẹ̀ sísàlẹ̀ bí ìdí abọ́, tó ń ha èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Géèjì nìkan kọ́ ṣá o. Ẹ fa dúróà kan jáde tán kẹ́ ẹ tó sanwó: èyí tó ní bíárìn oníbọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ á yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní máa mì jẹgẹjẹgẹ. Ẹ wo ìwọ̀n ẹrù tí wọ́n ní dúróà kọ̀ọ̀kan lè gbé. Bẹ́ ẹ bá sì gbé e délé, ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó o sí. Àpótí tí orí rẹ̀ wúwo lè dojú dé, pàápàá bí ọmọdé bá fa dúróà òkè.