Kí Ẹ Tó Kọ Ara Yín Sílẹ̀, Ẹ Kọ Ọ̀rọ̀ Ọmọ Sínú Ìwé

Ní gúúsù Kwara, ìgbéyàwó púpọ̀ ló ti tú tí kóòtù kankan kò gbọ́ sí i. Obìnrin á di ẹrù, á gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Òmù-Àrán tàbí Ẹ̀rìn-Ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì á jókòó, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, kò ní gbà, wọ́n á ní kí kálukú máa lọ ní àlàáfíà. Ọkọ á ní òun á máa fi owó ọmọ ránṣẹ́. Gbogbo ilé á ṣe àmín. Oṣù kìíní, owó dé. Oṣù kejì, ó dín. Nígbà tí ilé-ìwé bá fi máa wọlé, fóònù bàbá kò lọ mọ́.

A kò bú ìpàdé ẹbí. Ó ti tún ilé púpọ̀ ṣe, kò sì ná ẹnikẹ́ni ju obì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Ohun tí a bá a jà lé lórí ni pé wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Àwọn àgbà kan náà yìí kò jẹ́ ta ilẹ̀ láìsí ìwé àti ẹlẹ́rìí, àmọ́ wọ́n á fi oúnjẹ ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọ̀pọ̀ kò sì mọ kóòtù tó ni ẹjọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n so yìgì fún, tàbí tó ṣe ìdána ìbílẹ̀ nìkan, Área Kóòtù ló ń lọ. Ẹjọ́ yìgì lè dé Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ síwèé ní rẹ́jísìrì, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, ti bọ́ sábẹ́ òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ti 1970, Kóòtù Gíga nìkan ló sì lè tú tirẹ̀. Bí ìgbéyàwó náà kò bá tíì pé ọdún méjì, á kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù. Òfin yìí kan náà gbà kí tọkọtaya máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú àṣẹ kóòtù láìtú ìgbéyàwó, èyí tó lè rọrùn fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ ìkọ̀sílẹ̀. Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ èyí rí?

Ti ọmọ ni asọ̀ pọ̀ sí jù. Ní Ìlọrin, ẹ ó gbọ́ tí bàbá ń pariwo pé ọmọ òun ti pé ọdún méje, kí ìyá dá a padà. Kó lọ wo ìlànà Máálíkì, ọ̀kan nínú ọ̀nà òfin Ìsìláàmù, tí àwọn kóòtù wa ń tẹ̀lé: ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ń wà títí á fi bàlágà, ọmọbìnrin títí á fi wọlé ọkọ, àyàfi tí ìyá bá fẹ́ ẹlòmíràn tàbí tí nǹkan mìíràn bá sọ ọ́ di ẹni tí kò yẹ. Owó oúnjẹ ọmọ sì wà lọ́rùn bàbá. Sura Talaq nínú Àlùkùránì ní kí ẹni tó ní náwó bó ṣe ní, kí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ̀ náà ná nínú ohun tí Ọlọ́run fún un. Ní Kóòtù Gíga, ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ fi ṣíwájú. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Kwara náà ti ṣe tirẹ̀, sọ pé ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí bí agbára òbí bá ṣe mọ. Ọmọ ló ni ẹ̀tọ́ yẹn. Bàbá kò fi ṣe ìyá lóore. Ìyá tó sì ń fi ọmọ pamọ́ fún bàbá tó ń san owó rẹ̀, ìkà lòun náà ń ṣe.

Àwa oníwèé ìròyìn kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ la fi ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín: ìyàwó kò mọ oúnjẹ sè, ọkọ ń hanrun. Iye tí adájọ́ ní kí bàbá máa san, a kì í sábà kọ ọ́, a kì í sì padà lọ wò ó bóyá ó ń san án.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti Legal Aid Council, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976 fún ẹni tí kò lówó lọ́yà, fi òṣìṣẹ́ kan sí ọgbà kóòtù ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti Àràròmí-Ọ̀pin, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Kó máa sọ kóòtù tó kan èèyàn fún un. Kó bá tọkọtaya tó ti gbà láti pínyà kọ àdéhùn: ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ ń gbé, ọjọ́ wo ni ẹnì kejì ń rí i, èló lóṣooṣù, ta ló ń san owó ilé-ìwé àti ti ọsibítù. Kí adájọ́ sọ ọ́ di àṣẹ, kí owó sì máa gba ọwọ́ akọ̀wé kóòtù kọjá, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun san án tàbí pé òun kò rí i gbà. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000 láti 2024, ni òfin ní kí àjọ yìí ràn lọ́wọ́. Ìyá tó ń din àkàrà ní Àràròmí-Ọ̀pin wà lára wọn, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ Ìlọrin lè gbé èrè rẹ̀ lọ. Àwọn lọ́yà obìnrin inú ẹgbẹ́ FIDA ń ṣe nínú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ìjọba má ṣe torí ìyẹn ká ọwọ́ gbera.

Títí wọn yóò fi dáhùn, ẹ̀yin olórí ẹbí, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ pe ọmọ kan tó mọ̀wé kó mú ìwé àti bírò wá. Kí bàbá dárúkọ iye, kí ìyá gbọ́, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i kí ẹ tó pa obì.