Kì í ṣe gbogbo kòkòrò inú ìyẹ́ ló ń mu ẹ̀jẹ̀

Ní Agége, ní Mushin, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin ẹyẹlé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n bá ti rí ohun dúdú wínníwínní nínú ìyẹ́ ẹyẹ, ohun tí wọ́n á wí ni pé: "Iná ti bò ó, ó ti ń mu ún lẹ́jẹ̀." Ni wọ́n á bá gbé kẹrosíìnì tàbí ọ̀tápíápíá, wọ́n á fi ra á lára. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ na apá ẹyẹlé kan sí ìmọ́lẹ̀ òòrùn. Tí ẹ bá rí ohun kékeré tó tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àárín ìyẹ́, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò sì sáré, kòkòrò ìyẹ́ nìyẹn. Gígùn rẹ̀ kì í sábà pé mílímítà kan. Ẹsẹ̀ 8 ló ní tó bá ti dàgbà. Iná, ẹsẹ̀ 6 ni. Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú: òróró tí ẹyẹ ń fà láti ìdí ìrù fi ra ìyẹ́ ló ń fi há jẹ, pẹ̀lú èbu àti bakitéríà tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ò lè gún awọ. Kòkòrò ilé adìẹ tí wọ́n ń pè ní Dermanyssus gallinae, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ gan-an, abẹ́rẹ́ ló wà lẹ́nu tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ò tiẹ̀ kó àwọn méjèèjì sí ọ̀wọ́ kan náà. Mesostigmata ni Dermanyssus. Astigmata ni kòkòrò ìyẹ́, níbi tí kòkòrò inú eruku ilé náà wà. Lára ẹyẹlé, ẹbí Falculiferidae lẹ máa rí. Lára adìẹ, Pterolichidae àti Analgidae. Lára ológoṣẹ́, Proctophyllodidae. Ara akọ ni wọ́n sábà ń wò láti yà wọ́n sọ́tọ̀: nínú Analgidae, ẹsẹ̀ kẹta akọ máa ń ki ju ìyókù lọ, akọ Proctophyllodes, ọmọ ẹbí Proctophyllodidae, ní awẹ́ pẹlẹbẹ méjì nídìí. Ènìyàn ò lè kó wọn, ara ìyá ni ọmọ ẹyẹ ti ń kó o.

Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló mọ́wọ́ mẹ́sẹ̀ o. Megninia, ọmọ ẹbí Analgidae, lè mú kí ara adìẹ máa yún un débi tí á fi máa tu ìyẹ́ ara rẹ̀. Knemidocoptes mutans tó ń wọ abẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, ìbátan wọn ni.

Nítorí náà, tí ogbe adìẹ bá ń funfun, tí ẹyin sì ń dín kù, ẹ fi ìyẹ́ sílẹ̀. Lálẹ́, ẹ fi tíṣù funfun nu abẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé. Tó bá pupa, Dermanyssus ni. Inú àlàfo pákó ló ń sá sí lọ́sàn-án, kẹrosíìnì ara adìẹ ò sì lè bá a níbẹ̀. Awọ adìẹ ló máa bó, òróró ìyẹ́ á lọ, òjò á sì máa rin ín dé ara. Ọ̀tápíápíá tún burú ju ìyẹn lọ: adìẹ á fà á símú, oró rẹ̀ á sì kù sínú ẹran àti ẹyin.

Ẹ kó adìẹ jáde, ẹ gbá ìdọ̀tí ilé wọn kúrò kí ẹ sun ún, ẹ ha pákó, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ dí gbogbo àlàfo. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 5 sí 7, torí nínú ooru, ẹyin rẹ̀ lè di àgbà láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ilé adìẹ tó ṣófo fún oṣù kan. Kòkòrò yìí lè wà láìjẹun fún ọ̀pọ̀ oṣù.