RAM kọ́ ló ń dá Excel yín dúró tí ẹ bá ń pa ìlà rẹ́

Mo tún ti rí i lánàá. Ẹnì kan fẹ́ yọ àwọn ìlà tí kò wúlò mọ́ kúrò nínú fáìlì Excel ńlá kan, bí ó ṣe tẹ Delete Row báyìí, fáìlì dákú, "Not Responding" gba orí rẹ̀. Kíá ni wọ́n ti dá a lóhùn lórí RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí: "RAM rẹ kéré, lọ rà sí i." Ẹlòmíràn ní kó kúkú pààrọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, torí owó gidi làwọn èèyàn ń ná lé e lórí, tí wọ́n á sì padà bá ìṣòro wọn níbi tí wọ́n fi í sí.

Tí ẹ bá pa ìlà kan rẹ́, Excel ò kàn nu nǹkan nù. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà náà gbọ́dọ̀ ṣí sókè. Fọ́múlà tó bá ń tọ́ka síbi tó ṣípò, ó ní láti tún ìtọ́ka rẹ̀ ṣe, kó sì tún èyí tọ́rọ̀ kàn ṣírò. Tí fọ́múlà bíi OFFSET, INDIRECT tàbí NOW bá wà nínú fáìlì yín, ìyẹn burú jù, torí gbogbo ìgbà tí Excel bá ti ń ṣírò ni wọ́n ń tún ara wọn ṣe, àwọn àti gbogbo fọ́múlà tó gbára lé wọn.

Fílítà, ìyẹn ohun tó ń fi kìkì ìlà tẹ́ ẹ fẹ́ rí hàn, gan-an ló ń dá ìdákú tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ẹ fi fílítà ṣa àwọn ìlà tẹ́ ò fẹ́, ẹ yàn wọ́n, ẹ ní kí Excel pa wọ́n rẹ́. Lójú yín, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Lábẹ́ fílítà, wọ́n fọ́n káàkiri: ọ̀kan ní ìlà 12, òmíràn ní 47, òmíràn ní 90,000. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé ni Excel ń bá yí.

Ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà yín tẹ́ ẹ ní kò dáa yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Ní Formulas, Calculation Options, ẹ yan Manual, kí Excel má bàa máa ṣírò fúnra rẹ̀. Ẹ yọ fílítà, kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà tó tò tẹ̀ léra sínú column tuntun kan, nọ́ńbà lásán, kì í ṣe fọ́múlà. Ẹ wá to fáìlì náà kí gbogbo ìlà tẹ́ ẹ fẹ́ pa rẹ́ lè wà pa pọ̀, ẹ pa wọ́n rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn to ìyókù padà, kẹ́ ẹ dá Automatic padà. (Tí fọ́múlà ìlà kan bá ń wo ìlà tó wà lókè rẹ̀, bíi ti owó tó ṣẹ́kù, ẹ má tò ó o, ó máa dàrú.)

Fáìlì àkọsílẹ̀ ọjà kan wà lọ́wọ́ mi tó máa ń dákú títí mo fi máa pa Excel tipátipá. Mo ṣí Task Manager, tó ń fi iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe hàn nínú Windows, wò nígbà tó dákú: kò tíì lo RAM dé ìdajì, CPU (prósẹ́sọ̀ tó ń ṣe ìṣirò) ló ń ṣe wàhálà. Ọ̀nà tí mo sọ yìí parí iṣẹ́ náà kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse. Ẹ̀rọ kan náà, RAM kan náà.

Ẹ tẹ Ctrl+End náà wò, ó máa ń gbé yín lọ síbi tí Excel kà sí òpin ojú ìwé yín. Látìgbà Excel 2007 ni ojú ìwé kan ti ní ìlà 1,048,576, ó jẹ́ 65,536 tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kun àwọ̀ sí i jìnnà kọjá ibi tí dátà wọn parí sí. Tó bá gbé yín lọ sísàlẹ̀ réré, ẹ pa àwọn ìlà òfìfo yẹn rẹ́, kẹ́ ẹ fi pamọ́.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà tuntun yá fáwọn. Ó lè yá lóòótọ́, prósẹ́sọ̀ tuntun ló wà nínú rẹ̀. Mo gbà pé tí fáìlì bá tóbi débi pé RAM kún lójú Task Manager, RAM á ṣèrànwọ́. Síbẹ̀, tí Excel yín bá jẹ́ 32-bit, kò lè lò ju 4GB lọ, kódà kí 32GB wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ wo File, Account, About Excel kẹ́ ẹ tó náwó, ibẹ̀ ló máa sọ bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit.