Irọ́ ni pé ìrànlọ́wọ́ ló ń dá aláìnílé dúró síta

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Níbi tí a ti ń ṣètò ìjáde wa sọ́dọ̀ àwọn tó ń sùn síta, alàgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dìde, wọ́n ní kí a dín ẹrù tí à ń kó lọ kù. Wọ́n ní, "Ẹ gbàdúrà fún wọn, ẹ fún wọn ní ìwé àṣàrò, kí ẹ máa bọ̀. Ìrànlọ́wọ́ yín yìí ló ń dá wọn dúró síta. Owó tí ẹ bá sì fún wọn, ọtí ni wọ́n á fi mu." Àwọn èèyàn ń mi orí, wọ́n ń ní "òótọ́ ni". Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu pásítọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì rárá, ó sì ti sú mi. Kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni ẹnu wọn ti máa ń le jù. Lọ́dún 2018, ní ìlú Vancouver lórílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn olùwádìí kan àti àjọ aláàánú kan bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìnílé lówó. Èèyàn 50 ló gbà á, 7,500 dọ́là ilẹ̀ Kánádà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìbi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Àwọn 65 mìíràn tí ipò wọn jọ tiwọn kò gbà á. Wọ́n wá ń tọ ìhà méjèèjì lẹ́yìn fún odidi ọdún kan, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Àwọn tó gbowó kò ná ju àwọn yòókù lọ lórí ọtí, sìgá àti oògùn olóró. Ilé ni wọ́n gbà, oúnjẹ ni wọ́n rà, owó ọkọ̀ ni wọ́n san, wọ́n tún fi díẹ̀ pa mọ́. Láàárín ọdún kan náà, ọjọ́ tí wọ́n lò láìní ilé fi 99 dín sí ti àwọn tí kò gba nǹkan kan. Kódà, owó tí ìlú ì bá ná lórí ibùsùn wọn ní ilé àsùnmọ́jú, níbi tí wọ́n ti ń gba aláìnílé sùn, ju 7,500 yẹn lọ, èrè 777 dọ́là ló sì wà níbẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Àwọn olùwádìí kan náà bi nǹkan bí 1,100 èèyàn mìíràn léèrè pé kí ni wọ́n rò pé ẹni tí a bá fún ní irú owó bẹ́ẹ̀ máa fi ṣe. Wọ́n ní tó bá jẹ́ aláìnílé ni, ohun tó máa ná lórí ọtí, sìgá àti oògùn á fi ìdá 81 nínú 100 ju ti ẹni tó nílé lọ. Ọ̀rọ̀ alàgbà wa gẹ́lẹ́! Kò sẹ́ni tó tọ aláìnílé lọ wò kó tó sọ ọ́. Wọ́n kàn wo ibi tí ó ń sùn, wọ́n sì ti dájọ́ ìwà rẹ̀.

Kì í sì í ṣe Vancouver nìkan. Lọ́dún 2014, Báńkì Àgbáyé gbé àkójọ ìwádìí 19 jáde, èyí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn tálákà tí wọ́n fún lówó ní Áfíríkà, Éṣíà àti Látìn Amẹ́ríkà. Wọ́n wá ọtí àti sìgá títí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi kankan tí nínáwó lórí wọn ti pọ̀ sí i, àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ńṣe ló tún lọ sílẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn ará Vancouver kò mú àwọn tí oògùn, ọtí tàbí àìsàn ọpọlọ ti bà jẹ́ gidigidi mọ́ ètò tiwọn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, torí láti 2009 sí 2013, Kánádà kan náà ṣe ìwádìí tó tóbi ju ìyẹn lọ nílùú márùn-ún. Ó ju 2,000 èèyàn lọ, aláìnílé ni gbogbo wọn, àìsàn ọpọlọ ń bá wọn jà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lè jáwọ́ nínú ọtí tàbí oògùn. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní ilé. Wọn kò ní kí wọ́n kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ohunkóhun. Ilé ná, lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ń wá bẹ̀ wọ́n wò, tó ń bá wọn wá ìtọ́jú. Nígbà tó fi máa ku oṣù mẹ́fà kí ìwádìí náà parí, 62 nínú 100 àwọn tó gba ilé ló wà nínú ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù mẹ́fà náà dé òpin. Nínú àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sínú ètò àtijọ́, 31 nínú 100 ni. Ó lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú ìgbà yẹn tí Sam Tsemberis, onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ti bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní New York, lọ́dún 1992. Bó bá jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ ló ń dá èèyàn dúró síta, ó yẹ kó ti hàn níbẹ̀.

Kí ló wá ń dá wọn dúró síta? Mo lè sọ èyí tí mo fojú ara mi rí.

Ọkùnrin kan wà tí à ń bá pàdé nínú ìjáde wa, káfíńtà ni. Ẹnì kan nínú wa bá a wá iṣẹ́, wọ́n ní kó wá láàárọ̀ ọjọ́ kan kí wọ́n wo ọwọ́ rẹ̀. Kò lọ. Àwọn kan nínú wa ti ń sọ pé "ṣé ẹ rí i báyìí?" Mo lọ bi í. Ó na ìka sí báàgì tó wà lẹ́yìn rẹ̀: bùláńkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn so, àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ tó fi nylon wé ní méjì-mẹ́ta kí òjò má bàa bà wọ́n jẹ́. Ó ní, "Ta ni kí n gbé e tì?" Tó bá gbé e dé ibi iṣẹ́, wọ́n á mọ̀ pé ìta ló ń sùn. Tó bá fi í sílẹ̀, kò ní bá a mọ́. Màmá kan nínú wa ní, "Gbé e wá sílé mi." Ó gbé e lọ, ó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì gbà á. Kí ẹnì kan bá a tọ́jú báàgì, ìyẹn nìkan ló kù. Ẹ wá sọ fún mi pé ọ̀lẹ ni.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìdánimọ̀ le ju ìyẹn lọ. Ìyá kan tí gbogbo ìwé wọn ti bómi lọ ni mo tẹ̀ lé lọ sí ọ́fíìsì láti gba òmíràn. A tò títí a fi dé iwájú. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Àdírẹ́sì?" Ìyá ní àwọn kò ní. Ó ní, "Ẹni tó kàn." Bẹ́ẹ̀, wọn ò lè gba ilé láìní ìwé ìdánimọ̀, wọn ò sì lè gba ìwé ìdánimọ̀ láìní ilé. Báńkì fẹ́ méjèèjì, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ fẹ́ nọ́ńbà báńkì. Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì la padà lò, pẹ̀lú lẹ́tà tí pásítọ̀ fọwọ́ sí. Ìwé àṣàrò tí a ti fún wọn láti ọjọ́ yìí wá kò lè ṣe ìyẹn. Àìsùn náà wà níbẹ̀: ẹni tí òjò lé dìde lóru, tí ọlọ́dẹ tún wá fi tọ́ọ̀ṣì lé dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kó jí ṣe?

Wọ́n á ní Pọ́ọ̀lù sọ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́ kó má jẹun. Àwọn ará ìjọ Tẹsalóníkà tó fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ tí wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Wọ́n á tún ní àwọn mọ ẹnì kan tó gbowó tó sì lọ mutí. Èmi náà mọ ọ̀kan. Mo mọ ẹni tó nílé, tó níṣẹ́, tó ń gba owó oṣù, tó ń mutí jù ú lọ, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n má san owó oṣù mọ́.

Ohun tí Jákọ́bù kọ kò fara sin. Ó ní bí arákùnrin tàbí arábìnrin kan bá wà ní ìhòhò, tí kò ní oúnjẹ òòjọ́, tí ẹ sì sọ fún un pé kó máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ̀ máa gbóná, kó sì yó, láìfún un ní ohun tí ara ń fẹ́, èrè kí ni? Kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé William Booth kò ka ọkàn èèyàn sí. Oníwàásù ni, òun ló dá Salvation Army sílẹ̀, láti 1865 ló ti ń wàásù fún àwọn tálákà ní ìlà oòrùn London. Lọ́dún 1890 ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ bá ṣubú ní ìgboro London, kò sẹ́ni tó ń dúró béèrè bóyá ẹ̀bi ẹṣin ni. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé e dìde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kọ àdúrà o. Mo gba àdúrà gbọ́, mo sì ti rí ẹni tó jẹ́ pé àdúrà ló kọ́kọ́ béèrè kó tó wo ọwọ́ wa. Ṣùgbọ́n Jésù alára bi Bátíméù pé kí ló fẹ́ kí òun ṣe fún un, ó sì dúró gbọ́ èsì. Ẹ bi wọ́n. Ẹ má fi oúnjẹ dá èèyàn dúró títí ẹ ó fi wàásù tán. Ẹni tó bá fẹ́ àdúrà á sọ ọ́, á tún dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè fi wọ́n kún un.

Ẹni tó bá ṣì ń bẹ̀rù àtifún wọn lówó lọ́wọ́, kò burú, kó san owó ìwé ìdánimọ̀ fún ọ́fíìsì ní tààrà. Kí ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ kí wọ́n máa lo àdírẹ́sì rẹ̀, kí ẹnì kan sì máa tọ́jú lẹ́tà tó bá dé fún wọn. Kí a yọ yàrá kan sílẹ̀ fún ẹrù wọn, kí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì máa tètè dé, torí àárọ̀ kùtù ni wọ́n máa ń pe èèyàn síbi iṣẹ́.