Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọn àfonífojì Tsangpo

Ẹnìkan tún tẹnu mọ́ ọn níwájú mi lọ́sẹ̀ yìí pé àwọn òyìnbó ló ya máàpù àfonífojì odò Tsangpo ní Tibet, pé aláàárù lásán ni àwọn ọmọ ilẹ̀ Éṣíà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Tibet ti sé ẹnubodè mọ́ òyìnbó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń wọn ilẹ̀ Íńdíà fi kọ́ àwọn ọmọ òkè Himalaya níṣẹ́ awọnlẹ̀, tí wọ́n sì rán wọn wọlé bí oníṣòwò àti olùjọsìn.

Nain Singh, ọ̀kan nínú wọn, wọn apá òkè odò náà ní 1865 sí 1866. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà àwọn ẹlẹ́sìn Búdà a máa jẹ́ 108, ṣùgbọ́n 100 ni tirẹ̀, nítorí pé bó bá rin ìṣísẹ̀ 100 ni yóò fa ẹyọ kan, 2000 ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì ni máìlì kan. Inú owó ẹyọ ló tọ́jú mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, sí, bí omi ṣe gbóná tó nígbà tó bá hó ló sì fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó. Awọnlẹ̀ ni mí. Mo ti fi ìṣísẹ̀ wọn ilẹ̀ olókùúta rí, mo sì mọ bí òǹkà ṣe ń dàrú mọ́ni lójú nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń yọ̀.

Kinthup, ọmọ Sikkim ní òkè Himalaya, ni wọ́n rán ní 1880 pẹ̀lú lámà kan, ìyẹn àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá Tsangpo ló di odò Brahmaputra ti Íńdíà nísàlẹ̀. Lámà náà tà á lẹ́rú. Kinthup sá mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́, ó forí pamọ́ sílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn ní Marpung, síbẹ̀ kò pa iṣẹ́ tí wọ́n rán an tì: ó gé igi 500, ó sàmì sí wọn, ó sì ń ju 50 sódò lójoojúmọ́. Lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ odò kò bá ọ̀gá rẹ̀ ní Íńdíà mọ́, àwọn igi náà sì ṣàn lọ láìsí ẹni tó wò wọ́n. Nígbà tó padà dé ní 1884, ẹlòmíràn ló bá a kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò mọ̀wé, ọ̀pọ̀ kò sì gbà á gbọ́ títí Bailey àti Morshead, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì méjì, fi gba ọ̀nà náà ní 1913, tí wọ́n sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Mo gbà pé ẹsẹ̀ bàtà 150 tí ìròyìn náà pe ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta ti pọ̀ jù, nítorí bíi 30 ni wọ́n bá níbẹ̀.

Àwọn tó ń jiyàn yóò ní orúkọ òyìnbó ló wà lórí máàpù. Ẹni tó tẹ máàpù yàtọ̀ sí ẹni tó wọn ilẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ayé ní Lọ́ńdọ̀nù fúnra wọn sì fún Nain Singh ní àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 1877.