Ọmọ Tí Wọ́n Bí Pẹ̀lú Ojú Funfun, Ẹ Kọ Ọ́ Sílẹ̀

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n á mú iná lọ lálẹ́ ní Mushin, ìyá ọmọ á tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ kó lè pààrọ̀ pámpáàsì, ìmọ́lẹ̀ yẹn á bọ́ sójú ọmọ, àárín ẹyinjú á wá funfun bí omi ògì. Ìyá ọkọ á ní kó fara balẹ̀, ojú ọmọ ṣì máa là. Ará ilé míì á ní ọwọ́ ayé ni. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé, ṣé ara ẹ sú nígbà tí oyún wà lóṣù kejì?

Rubella la ń sọ o, àrùn tí fáírọ́ọ̀sì ń fà. Ó jọ measles ṣùgbọ́n kì í le tó o, ibà díẹ̀, ara á sú fún bí ọjọ́ mẹ́ta, ó tán, ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe òun. Ọmọ inú ló ń jìyà ẹ̀. Tó bá mú aboyún láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́, nínú 100 irú oyún bẹ́ẹ̀ ó lè tó 90 tí ọmọ ti máa fara gbá a: cataract (ìyẹn funfun àárín ẹyinjú yẹn), etí tí ò gbọ́ràn, àìsàn ọkàn. Norman Gregg, dókítà ojú ní Sydney, ló tú àṣírí yìí ní 1941. Ọmọ 78 tí wọ́n bí pẹ̀lú cataract ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọ́n bi àwọn ìyá wọn léèrè, 68 nínú wọn ló ní rubella ti mú àwọn nínú oyún. Ìwé àti ìbéèrè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Èkó ńkọ́? Ọmọ tí ara ẹ̀ gbóná tó tún sú, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ torí measles, wọ́n sì lè fi yẹ rubella wò, ìyẹn dáa. Àmọ́ jòjòló tí rubella ti bà jẹ́ látinú oyún, dókítà ojú á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, á kọ "cataract" sí fáìlì, fáìlì á padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ti etí á wà lọ́sibítù míì, ti ọkàn á wà níbòmíì, ọmọ kan ṣoṣo ni o, ó lè má sẹ́ni tó máa so ó pọ̀, Alausa, níbi tí ìjọba Èkó wà, sì lè má gbọ́.

A ò fara mọ́ ọn. Gbogbo ọsibítù, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Ìkòròdú, ti ìjọba àti ti àdáni, tí wọ́n bá ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pe òṣìṣẹ́ tó ń tọpa àrùn ní lókà gọ́fúmẹ́ǹtì wọn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó tó pé oṣù mẹ́fà, torí tó bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀, tẹ́ẹ̀sì lè má mú un mọ́. Ọmọ yẹn ṣì lè máa tú fáírọ́ọ̀sì náà síta fún ọdún kan, nọ́ọ̀sì tó ń gbé e mọ́ra sì lè wà nínú oyún.

Ọdún 2025 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ tó pa measles àti rubella pọ̀. A dúpẹ́. Àmọ́ tá ò bá ka àwọn ọmọ wọ̀nyí nísinsìnyí, kí la fẹ́ fi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́? Kí ìjọba Èkó máa gbé iye wọn jáde lóṣooṣù, lókà gọ́fúmẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìyá ọmọ ní Mushin náà ti lè rí i kà.