Aṣọ ìbora kan kò tó o!
Ẹ ní aṣọ ìbora kan ti tó ẹni tó bá fẹ́ sùn mọ́jú lórí Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Taraba? Ẹ̀yin wo lẹ sùn níbẹ̀? Oṣù Kejìlá lèmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì gbéra láti Kubwa. Ahéré darandaran kan la sùn sí lọ́nà òkè náà: koríko ni òrùlé, àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ ni ilẹ̀kùn. Súẹ́tà méjì ni mo wọ̀, mo tún ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀, síbẹ̀ mo gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa. Òkè tó ga ju 2,400 mítà lọ, nínú ọyẹ́, kì í ṣe Aso Rock o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí ìjọba kọ́ òtẹ́ẹ̀lì síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ìdáná àti wàrà gbígbóná tí ìyá onílé gbé fún wa láàárọ̀, òtẹ́ẹ̀lì wo ló ní in?